Pápá Michigan láti Ìran dé Ìran: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ òbí Yorùbá tó ń gbé Amẹ́ríkà ni ọmọ wọn ti wọ fásitì tí bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti gbilẹ̀. Bí ọmọ náà bá délé, ọ̀rọ̀ pápá ni kò ní kúrò lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá sì bá bàbá àgbàlagbà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé yín sọ̀rọ̀, òun á ní pápá ti bàjẹ́, kò rí bíi tàtijọ́ mọ́. Àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn wa máa ń bi mí lórí ọ̀rọ̀ yìí ni mo kó jọ síbí. Pápá Fásitì Michigan ní ìlú Ann Arbor ni mo fi ń dáhùn, torí òun ni mo mọ̀ jù, òun náà ló sì gba èrò jù lọ nínú gbogbo pápá ìṣeré Amẹ́ríkà.

Bọ́ọ̀lù wo gan-an là ń wí?

Kì í ṣe èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣe ṣóńṣó ní orí méjèèjì. Èèyàn 11 ló ń wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn á dé àṣíborí líle. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù mọ́yà sáré, tàbí kí wọ́n jù ú síra wọn, àwọn ti ìhà kejì á sì máa dá wọn dùbúlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni ti fásitì, ọjọ́ Sọ́ńdè ni ti àwọn tó ń fi ṣe iṣẹ́ ṣe. Láti ìparí oṣù Kẹjọ sí ìparí oṣù Kọkànlá ni wọ́n ń gbá a, ìgbà méje tàbí mẹ́jọ péré sì ni wọ́n ń gbá a nílé lọ́dún. Ẹ fi èyí sọ́kàn: Sátidé méje tàbí mẹ́jọ péré ni gbogbo ìlú fi ń dúró de odidi ọdún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ń ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló mú fásitì kan kọ́ pápá tó gba èèyàn tó lé ní 107,000?

Fielding Yost ni. Ọdún 1901 ló dé Michigan gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá, nígbà tó yá ló di olórí ẹ̀ka eré ìdárayá. Pápá tí wọ́n ń lò nígbà náà, Ferry Field, kò gba èrò tó ń wá mọ́. Yost kò dúró de owó ìjọba. Ó ta ìwé ẹ̀yáwó 3,000 fún àwọn aráàlú, 500 dọ́là ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì rà á ní ẹ̀tọ́ láti ra tíkẹ́ẹ̀tì sí ibi tó dára. Iṣẹ́ náà gba 950,000 dọ́là. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1927 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n sì na Ohio Wesleyan ní 33 sí 0. Lọ́jọ́ 22 oṣù kan náà ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ayẹyẹ, tí wọ́n na Ohio State, fásitì tí wọ́n jọ ń bá ara wọn díje jù lọ, ní 21 sí 0.

Abọ́ ńlá tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ ni. Bí ẹ bá ń bọ̀ láti ìta, ẹ kò ní mọ̀ pé pápá tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ ló wà níwájú yín, torí pé nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀. Yost ti mọ̀ pé èrò ṣì máa pọ̀ sí i, ó sì ní kí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ de ọjọ́ iwájú. Ní 1949, wọ́n sọ ọ́ di 97,239. Ní 1956, ó di 101,001. Ìjókòó kan tó ṣẹ́kù sẹ́yìn yẹn, wọ́n ní ti Fritz Crisler ni, ẹni tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó sì di olórí ẹ̀ka eré ìdárayá lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìjókòó náà wà. Láti ìgbà náà, iye èrò tí wọ́n bá ní pápá gbà kì í ṣàìní 1 lẹ́yìn. Ti òní jẹ́ 107,601.

Ta ló ń wọ pápá náà nígbà àkọ́kọ́?

Ẹ wo àwòrán àtijọ́: kóòtù, táì àti fìlà ni àwọn ọkùnrin máa ń wọ̀ lọ wo bọ́ọ̀lù. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó ọ̀pọ̀ wọn wá láti Detroit. Àmọ́ kì í ṣe aṣọ ni mo fẹ́ kí ẹ rántí nípa ìgbà yẹn. Willis Ward ni.

Ọmọ Detroit ni Ward, èèyàn dúdú, sárésáré tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tó dáńtọ́. Ní 1934, Georgia Tech, fásitì kan láti ìpínlẹ̀ Georgia ní ìhà gúúsù, ń bọ̀ wá gbá bọ́ọ̀lù ní Ann Arbor, wọ́n sì ránṣẹ́ ṣáájú pé àwọn kò ní bọ́ sórí pápá bí èèyàn dúdú bá wà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fárígá, wọ́n fọwọ́ sí ìwé, wọ́n pe ìpàdé. Àwọn aláṣẹ fásitì gbà fún Georgia Tech. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá, Michigan gbá bọ́ọ̀lù náà láìsí Ward, wọ́n sì borí ní 9 sí 2. Ìyẹn nìkan ṣoṣo ni wọ́n borí lọ́dún náà. Gerald Ford, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1974, wà nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yẹn, ọ̀rẹ́ Ward sì ni. Ní 1999, nígbà tó ti darúgbó, ó kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìròyìn, ó ṣì ń dùn ún pé àwọn olórí ilé-ẹ̀kọ́ lè tẹrí ba fún irú ìkórìíra bẹ́ẹ̀. Ward fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé ọjọ́ yẹn pa ìtara òun.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ fún yín pé ayé àtijọ́ ló dára jù ní pápá yìí, ẹ bi í pé: dára fún ta?

Ṣé òótọ́ ni pé ìgbà kan wà tí pápá náà kì í kún?

Òótọ́ ni. Nínú àwọn ọdún 1960, ẹgbẹ́ náà kò fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú, ọ̀pọ̀ Sátidé sì ni ìjókòó máa ń ṣófo rẹpẹtẹ. Àwọn méjì ló tún un ṣe. Don Canham di olórí ẹ̀ka eré ìdárayá ní 1968. Ọgbọ́n ọjà ló lò: ó fi ìwé ìpolówó ránṣẹ́ sílé àwọn èèyàn, ó gbé e sínú ìwé ìròyìn, ó sì ń bá ìyàwó àti ọmọ sọ̀rọ̀, kì í ṣe baálé ilé nìkan. Ohun tó ń tà ni odindi ọjọ́ ìgbádùn: ẹran sísun lẹ́yìn ọkọ̀, bándì, àti ojú ọjọ́ ìgbà tí ewé ń pọ́n. Ó mọ̀ pé bí ọjọ́ náà bá dùn, bí wọ́n tiẹ̀ pàdánù, èèyàn á padà wá.

Bo Schembechler, tó gba iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá ní 1969, ló fi àṣeyọrí lé e. Ní ọdún tó dé yẹn gan-an ló na Ohio State ní 24 sí 12, nígbà tí gbogbo ayé rò pé kò sẹ́ni tó lè nà wọ́n. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá ọdún 1975, èrò tó lé ní 100,000 ni wọ́n ń kà síbẹ̀ lọ́jọ́ eré. Ọdún kòrónà, 2020, nìkan ni wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òǹwòran.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ràn nípa ìgbà yẹn. Láti ìparí àwọn ọdún 1950, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ̀rọ̀ ní pápá ti ń ka èsì ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tó ń jẹ́ Slippery Rock, ní Pennsylvania, torí orúkọ náà ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Gbogbo pápá á hó yèè fún ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò rí rí. Ní 1979, Canham pe Slippery Rock wá gbá bọ́ọ̀lù tirẹ̀ ní Ann Arbor pẹ̀lú Shippensburg, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré míì. Èèyàn 61,143 ló wá wò ó.

Ṣé àṣà pápá náà ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀?

Rárá o, ibí yìí gan-an sì ni ìjà àgbà àti ọmọdé ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àsíá ńlá tí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń sáré kọjá lábẹ́ rẹ̀ bí wọ́n bá ń wọlé. Olúkúlùkù wọn á fò sókè, á fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá rí i á rò pé Yost ló dá a sílẹ̀. Ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀. Bándì tó ń yan lórí pápá ti pẹ́ jù ú lọ fíìfíì, àmọ́ 1972 ni wọ́n tó gba obìnrin láyè síbẹ̀. Lónìí, tí bándì bá ti ojú ihò jáde lọ́wọ́ kan, olórí wọn á sáré bọ́ síwájú, á dúró, á sì máa tẹ ẹ̀yìn lọ díẹ̀díẹ̀, títí orí rẹ̀ yóò fi kan ilẹ̀. Èèyàn tó lé ní 100,000 á dákẹ́ díẹ̀. Bó bá ti nàró padà, ariwo tó máa sọ, ẹ ó gbọ́ ọ nínú àyà yín.

Ìgbì náà ńkọ́, èyí tí àwọn èèyàn máa ń dìde tí wọ́n á nawọ́ sókè láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì? Fásitì Washington ni wọ́n ti ń ṣe é láti 1981, ó sì dé Ann Arbor ní 1983. Inú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dùn sí i débi pé wọ́n ń ṣe é díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń ṣe é kíákíá, wọ́n ń yí i sẹ́yìn. Àwọn àgbà ìgbà náà bínú: àwọn ọmọ yìí kò wo bọ́ọ̀lù mọ́, eré ọmọdé ni wọ́n ń ṣe. Àwọn ọmọ yẹn ló ti lé ní 60 ọdún báyìí, àwọn náà ló ń ráhùn pé orin tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbé jáde ti pọ̀ jù.

Kí ni tẹlifíṣọ̀n ṣe sí i?

Ó gba àkókò lọ́wọ́ àwọn tó wà ní pápá. Títí di 1984, àjọ NCAA, tó ń darí eré ìdárayá àwọn fásitì Amẹ́ríkà, ló ń pàṣẹ iye eré tí wọ́n lè fi hàn, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sì máa ń rí gbà lọ́dún. Bí ẹ bá fẹ́ rí Michigan, ẹ máa lọ Ann Arbor ni, tàbí kí ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò. Lọ́dún náà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé àṣẹ NCAA yẹn lòdì sí òfin ìdíje òwò. Ìṣàn omi já. Lónìí, gbogbo eré ni ẹ lè rí nínú pálọ̀ yín, owó tí tẹlifíṣọ̀n ń san sì ti ju ti tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Ẹni tó bá ń sanwó ló ń yan aago. Láyé Canham, ẹ mọ aago tí bọ́ọ̀lù máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ní báyìí, ó lè jẹ́ ọ̀sán gangan, ó lè jẹ́ aago mẹ́ta ààbọ̀, ó lè jẹ́ alẹ́, ìgbà míì sì wà tó jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kó dín ni wọ́n máa fi sọ fún yín. Ẹni tó ń wakọ̀ bọ̀ láti wákàtí mẹ́rin sí ibẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí. Ìpolówó tún ń dá eré dúró. Nígbà tí àwọn tó wà nílé ń wo ìpolówó ọkọ̀ àti ọtí, àwọn tó wà ní pápá jókòó sínú òtútù, agbábọ́ọ̀lù ń nàró lásán, eré tó yẹ kó gba wákàtí méjì ààbọ̀ á lé ní mẹ́ta. Mo rò pé èyí ló ba adùn pápá jẹ́ jù nínú gbogbo ohun tó yí padà, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan tí a lè dá lẹ́bi fún un.

Tẹlifíṣọ̀n náà ló tún mú alẹ́ wá, alẹ́ sì dùn. Pápá yìí kò ní iná tirẹ̀ títí di 2010. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni wọ́n kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù lálẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì na Notre Dame ní 35 sí 31 lójú èèyàn 114,804. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Notre Dame tún padà wá lálẹ́, èrò sì di 115,109. Títí di òní, kò tíì sí iye tó jù ú lọ níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní pápá náà dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà tiwọn. Kí ló dé tí ariwo fi pọ̀ báyìí?

Apá kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́. Abọ́ tó tẹ́jú ni, ohùn máa ń gòkè lọ sí òfuurufú ni. Àwọn tó ń wá ṣeré níbẹ̀ máa ń sọ pé àwọn rò pé èrò tó tó bẹ́ẹ̀ á pariwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, wọ́n parí iṣẹ́ tó gba 226 mílíọ̀nù dọ́là: wọ́n kọ́ ilé gíga sí ìhà ìlà-oòrùn àti ìhà ìwọ̀-oòrùn, tí yàrá àdáni tó lé ní 80 wà nínú wọn. Bí ohùn bá ti kọlu ògiri wọ̀nyẹn, á padà sórí pápá. Àwọn olówó tó jókòó sẹ́yìn gíláàsì kò pariwo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ilé wọn ló ń dá ariwo àwọn yòókù padà.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ní fásitì náà ta ko iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ohun tó jẹ́ kí pápá náà yàtọ̀ ni pé adájọ́ àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, nínú òjò kan náà. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí lára, mo sì gbà pé wọ́n pàdánù nǹkan gidi. Àmọ́ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ogun tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ náà pe fásitì lẹ́jọ́ lákòókò yẹn, ìjà wọn ló sì mú kí ibi tí kẹ̀kẹ́ arọ lè dúró sí pọ̀ sí i gan-an. Nínú àtúnṣe kan náà, àwọn kan pàdánù bẹ́ǹṣì àjọjókòó, àwọn kan sì wá rí ọ̀nà wọlé.

Apá kejì ni ọkàn èèyàn. Lọ́jọ́ 27 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, nínú yìnyín, Michigan na Ohio State ní 42 sí 27. Láti 2011 ni wọn kò ti rí i ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ya bo orí pápá, pápá sì di kìkì èèyàn láti igun dé igun.

Ṣé mẹ̀kúnnù ṣì lè wọlé?

Ó lè wọlé, àmọ́ kò rọrùn bíi tẹ́lẹ̀. Nígbà kan, tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́dọọdún jẹ́ ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ. Àwọn ìdílé wà tó jókòó sójú kan náà fún ogójì ọdún, tí wọ́n lọ sí ìgbéyàwó àti ìsìnkú àwọn tó jókòó níwájú wọn. Láti 2005, ẹni tó bá fẹ́ dúró sí ojú ibi tó dára gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dá owó ìtọrẹ fún fásitì lọ́dọọdún, kó tó wá sanwó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ kò rí i san, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kan akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú. Ní 2013, fásitì ní ẹni tó bá tètè dé ni kó jókòó sí ibi tó wù ú. Ẹni tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún mẹ́rin wá ń bá ọmọ ọdún kìíní du àyè, ọ̀pọ̀ sì bínú. Ọdún kejì ni wọ́n yí i padà. Nínú ọdún 2014 yẹn náà, tí ẹgbẹ́ ń pàdánù tí tíkẹ́ẹ̀tì sì wọ́n gógó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ́de lọ síwájú ilé ààrẹ fásitì pé kí olórí ẹ̀ka eré ìdárayá lọ. Ó fi ipò sílẹ̀ kí oṣù Kẹwàá tó parí. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè ní aláìbìkítà yìí mọ ohun tí wọ́n ń jà fún.

Ṣé wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀?

Láti 2024 ni, lẹ́yìn tí ìpínlẹ̀ Michigan yí òfin padà ní 2023. Ìta, níbi tí wọ́n ti ń sun ẹran, ni ọtí máa ń wà kó tó di ìgbà náà.

Wọ́n ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù báyìí. Ṣé ìyẹn yí bí èèyàn ṣe ń wò wọ́n padà?

Ó yí i padà púpọ̀. Láti 2021 ni agbábọ́ọ̀lù fásitì ti lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀, láti 2025 sì ni fásitì fúnra rẹ̀ ti lè sanwó fún àwọn eléré rẹ̀, tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́. Ó tún rọrùn fún wọn láti kó lọ sí fásitì míì. Àwọn àgbà tí wọ́n máa ń wo ọmọ kan láti ọdún kìíní rẹ̀ títí dé ọdún kẹrin, tí wọ́n mọ orúkọ ìyá rẹ̀, ń sọ pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn ń pariwo fún mọ́.

Ìbànújẹ́ wọn yé mi. Àmọ́ ọ̀nà yẹn náà ni Olusegun Oluwatimi gbà dé. Fásitì Virginia ló ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó kó wá sí Michigan ní 2022, ó dúró sí àárín àwọn tó ń dí ọ̀tá lọ́nà, níbi tí bọ́ọ̀lù gbogbo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọdún kan péré ló lò. Ó gba Outland Trophy àti Rimington Trophy lọ́dún kan náà, àmì-ẹ̀yẹ tó ga jù fún irú iṣẹ́ tó ń ṣe. Ọdún 88 lẹ́yìn tí wọ́n ní kí Willis Ward jókòó sílé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, orúkọ tí Olúwa wà nínú rẹ̀ ló wà lẹ́yìn aṣọ ẹni tó ń fi bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ eré ní pápá yẹn. Ẹni tó bá ní pápá náà ti bàjẹ́, kó ka èyí mọ́ ọn.

Ta wá ló jàre, àgbà àbí ọmọdé?

Àgbà jàre lórí owó àti tẹlifíṣọ̀n. Ọmọdé jàre lórí gbogbo ìyókù. Ìgbà ò lọ bí òréré, kò sì sí ìran kan tó bá pápá yẹn bí Yost ṣe fi í sílẹ̀.

Mo fẹ́ bá ọmọ mi lọ. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ wọ aṣọ búlúù tàbí ti òféfèé. Ẹ má wọ pupa bó bá jẹ́ Ohio State ló ń bọ̀. Bẹ́ǹṣì lásán ni ẹ máa jókòó sí, nọ́ńbà ni wọ́n fi pín in, ó sì há. Nínú oṣù Kọkànlá, aṣọ òtútù tó nípọn á tún jẹ́ kó há sí i, torí náà ẹ má bínú bí ejìká ẹni ẹ̀gbẹ́ yín bá ń kàn yín. Ẹ ka òfin tó wà fún àpò lórí ìkànnì fásitì kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọ́n ń dá èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ dé ìtòsí ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ lọ sórí pápá gọ́ọ̀fù tó wà níwájú, níbi tí wọ́n ti ń sun ẹran. Ẹ gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yín lọ, ẹ bù fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, wọ́n á bù tiwọn náà fún yín. Kí ẹ sì ti wọlé ní ó kéré tán ìdajì wákàtí ṣáájú eré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, bándì á ti jáde kí ẹ tó jókòó.